Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo ni ọmọ lè fi ṣàlàyé ìwà ẹ̀dá ìtàn àti ohùn òǹkọ̀wé? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáSS2, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọbìnrin mi wà ní SS2, Literature-in-English sì wà lára ohun tó máa ṣe ní WAEC. Kì í ṣe pé kò kàwé o. Ó lè ro ìtàn Things Fall Apart fún yín láti orí ìjàkadì Okonkwo àti Amalinze títí dé ìdí igi tí Okonkwo so sí, kò sì ní fo nǹkan kan. Àmọ́ tó bá ti di pé kó kọ àròkọ lé e lórí, máàkì kì í wá. Tísà rẹ̀ kọ ọ́ sétí ìwé pé ìtàn ló ń tún rò, pé kò ṣàlàyé, kó lọ wá ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń há ọ̀rọ̀ inú díṣọ́nárì sórí láti A, kò sì rí ibi tí yóò lò wọ́n sí.

Ohun tó kọ gbẹ̀yìn nìyí, mo dà á kọ bó ṣe wà:

"Okonkwo is a very wicked man. He is also hardworking. The author used good words to make the story interesting and the tone is sad."

Àwọn ọ̀rọ̀ wo gan-an ló yẹ kó mọ̀? Báwo ni yóò sì ṣe kọ́ wọn tí wọn ò fi ní sá lọ lọ́jọ́ kejì? Iṣẹ́ akáúńtì lèmi kọ́, mi ò lè ràn án lọ́wọ́ tó bó ṣe yẹ. Ẹ ṣàánú mi.

TísàFẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta

Ẹ kú akitiyan, ìyá wa. Ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ yín kàwé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé gbólóhùn mẹ́ta tó kọ yẹn lè bá ìwé mìíràn mu. Ẹ yọ orúkọ Okonkwo kúrò, kí ẹ fi ti ẹlòmíràn sí i, kò sóhun tó máa yàtọ̀. Ibẹ̀ ni máàkì ń gbà lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú "wicked" nìkan. Ẹ gbé Gẹ̀ẹ́sì tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí ẹ bi í ní Yorùbá: ṣé ìkà ni ọkùnrin yìí, àbí ọ̀dájú, àbí onínúfùfù, àbí ẹni tó ń fi agbára bo ẹ̀rù tó ń bà á mọ́lẹ̀? Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá kò ní da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ìkà a máa jókòó gbèrò ibi. Ọ̀dájú kì í káàánú. Onínúfùfù á ti ṣe é tán kó tó ronú. Ìyàtọ̀ tí tísà ń bèèrè ti wà lórí ahọ́n ọmọ náà tẹ́lẹ̀. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ló kù kó mọ̀.

Kó wá padà sínú ìwé. Ní orí kìíní, Achebe tó kọ ìwé náà sọ fún wa pé Okonkwo máa ń kólòlò díẹ̀, àti pé tínú bá ń bí i tí ọ̀rọ̀ kò tètè jáde, ẹ̀ṣẹ́ ló ń lò. Ọ̀rọ̀ tó bá ìyẹn mu ni irascible, ẹni tínú ń tètè bí. Ó lu ìyàwó rẹ̀ nínú Ọ̀sẹ̀ Àlàáfíà, ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni, torí ìbínú ti jẹ́ kó gbàgbé irú ọ̀sẹ̀ tí wọ́n wà. Ìyẹn ni impetuous, ẹni tó ń ṣe nǹkan láìrò ó wò. Ìgbà tó ṣá Ikemefuna ńkọ́, ọmọ tó ń pè é ní bàbá? Kò bínú sí ọmọ náà rárá. Ìwé náà sọ ìdí rẹ̀ láìfi bò: ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má baà rò pé kò lágbára. Irascible kò lè ṣàlàyé ìyẹn mọ́. Insecure ló lè ṣe é, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lórí irú ènìyàn tóun jẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ibi mẹ́ta nínú ìwé, "wicked" ló sì ti bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀.

"Hardworking" náà, kó bèèrè pé kí ló ń lé e. Unoka bàbá rẹ̀ kì í ronú ọ̀la, inú gbèsè ló kú sí, kò sì gba oyè kankan. Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú bàbá bẹ́ẹ̀ ní improvident. Gbogbo làálàá Okonkwo lórí oko jẹ́ sísá fún ìgbé ayé bàbá rẹ̀, torí náà driven dára jú industrious lọ níbẹ̀. Industrious kàn ń yin ènìyàn ni. Driven ń sọ fún wa pé nǹkan kan wà lẹ́yìn rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Gẹ̀ẹ́sì, Ifẹ̀

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹ ti sọ ti ìwà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ohùn.

"The tone is sad" tí àbúrò kọ, ohun méjì ló wà ńbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń dà pọ̀. Tone ni ọwọ́ tí òǹkọ̀wé fi mú ohun tó ń sọ, bó ṣe dún lẹ́nu rẹ̀. Mood ni ohun tó ń ṣe ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Òǹkọ̀wé lè fi ohùn tútù ròyìn ikú, kí ara ẹni tó ń kà á sì bù máṣọ. Níbi bẹ́ẹ̀, tone jẹ́ detached tàbí matter-of-fact, mood sì jẹ́ chilling. Tí ìbéèrè bá sọ pé tone, kó má fi mood dáhùn.

"Sad" fúnra rẹ̀ gbòòrò jù. Tó bá jẹ́ ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, mournful. Tí ewì náà bá jẹ́ arò fún ẹni tó ti lọ tàbí ohun tó ti parẹ́, elegiac. Ìbànújẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó kàn bá ènìyàn jókòó, tí kò sí ìdí pàtó tí a lè nawọ́ sí, ni melancholy. Àárò ọjọ́ àtijọ́ ni nostalgic. Tí ọkàn bá ń fà sí ohun tí ẹni náà mọ̀ pé ọwọ́ òun ò ní tó, wistful. Tí kò bá sí ìrètí kankan nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́, bleak.

Ní ti ọ̀nà ìkọ̀wé, ibi tí mo rò pé kó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ tó dá lórí kíkúrú ọ̀rọ̀, torí wọ́n pọ̀, wọ́n sì ń tan ènìyàn jẹ. Concise jẹ́ oríyìn: ó kúrú, kò sì sí ohun tó kù síta. Terse kúrú, ó sì gan, bí ìgbà tí òǹkọ̀wé kò fẹ́ kí ìmọ̀lára kankan yọjú. Curt kúrú pẹ̀lú àrífín. Ẹni tí wọ́n dá irú èsì bẹ́ẹ̀ lóhùn máa mọ̀ pé wọ́n já òun kulẹ̀. Laconic ni ti ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ ohun tí ẹlòmíràn máa fi ọgbọ̀n sọ. Àwọn méjì tó kù jẹ́ ti ìwà ènìyàn: taciturn ni ẹni tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rárá, reticent sì ni ẹni tó lè bá yín tàkúrọ̀sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n tí kò ní jẹ́ kí ẹ mọ inú òun.

Fún ọ̀rọ̀ gígùn: verbose jẹ́ ẹ̀sùn, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ ju ohun tó ń sọ lọ. Ornate ni èdè tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, kò bú u, kò sì yìn ín. Lyrical ni èdè tó ń dún bí orin. Flowery, kó ṣọ́ra fún un, oríyìn ni ọ̀pọ̀ ọmọ kà á sí, bẹ́ẹ̀ àbùkù ló ń kanni.

AyẹÌwéWò, Òṣogbo

Mo ti máàkì ìwé ìdánwò Literature rí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kàn mí.

Ní WAEC, Paper 1 jẹ́ objective, ìbéèrè 50. Wọ́n máa ń fún wọn ní àyọkà kan àti ewì kan tí wọn ò kà rí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti sábà ń bèèrè tone àti mood. Níbẹ̀, kí ọmọ ṣáà dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀ nígbà tó bá rí i, ó tó. Paper 2 jẹ́ ti prose, Paper 3 jẹ́ ti drama àti ewì, àròkọ sì ni wọ́n. Ibẹ̀ lọmọ gbọ́dọ̀ ti lè lo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Nítorí náà ìwé ọ̀rọ̀ méjì ló yẹ kó ní lọ́kàn: èyí tó kàn ń dá mọ̀, àti èyí tó lè kọ láìfọ́ orí. Èkejì kò nílò kó pọ̀. Ogójì ọ̀rọ̀ tó dá a lójú á gbé e dé ibi tó ń lọ.

Ohun tó ń dun ẹni tó ń máàkì jù: ọmọ á kọ pé "The poet uses personification", á wá fi àmì ìdánudúró sí i. Ó dáa, ìfohunpènìyàn wà níbẹ̀, kí ló ṣe fún ewì náà? Tí kò bá sọ ọ́, kò tíì ṣàlàyé nǹkan kan.

Òmíràn ni ìrísí ọ̀rọ̀. "He is a very arrogance man." Ọmọ mọ ọ̀rọ̀, kò mọ ìdílé rẹ̀. Tó bá kọ́ arrogant, kó kọ́ arrogance mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Irony, ironic, ironically. Ambivalent, ambivalence. Ẹ má jẹ́ kó kọ́ ẹyọ kan láìmọ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀.

Mọ́mìPeckham, London

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyà kan náà ló jẹ wá níbí pẹ̀lú GCSE, ìdánwò tí àwọn ọmọ ilé ìwé girama ń ṣe níbí. Nínú ohun tí wọ́n fi ń máàkì English Literature, èyí tí wọ́n ń pè ní AO2 sọ pé kí ọmọ ṣe àtúpalẹ̀ èdè, ìrísí àti ètò tí òǹkọ̀wé lò láti fi gbé ìtumọ̀ jáde, kó sì lo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà níbi tó bá ti yẹ. Níbi tó bá ti yẹ o. Wọn ò ní kó dà á síbẹ̀ bí òjò.

Ohun tó ran ọmọkùnrin mi lọ́wọ́ jù ni ọ̀rọ̀ ìṣe. Gbogbo rẹ̀ ni "shows" tẹ́lẹ̀: this shows, it also shows. A wá pín in. Suggests, nígbà tí ẹ̀rí wà ṣùgbọ́n tí kò fìdí múlẹ̀ tán. Implies, nígbà tí òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ fi sábẹ́ ọ̀rọ̀. Evokes, nígbà tó bá jí ìmọ̀lára tàbí àwòrán kan nínú ẹni tó ń kà á. Foreshadows, nígbà tí nǹkan kékeré níwájú ń sọ ohun ńlá tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Juxtaposes, nígbà tó bá gbé nǹkan méjì tó yàtọ̀ síra kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ká lè rí ìyàtọ̀ wọn. Underscores, nígbà tó bá tẹ ohun tí a ti mọ̀ mọ́lẹ̀ sí i. Kó má sì kọ pé "the author infers". Òǹkọ̀wé ló ń imply, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lẹ ń infer.

Méjì mìíràn tó máa ń dàrú: ènìyàn ni ambivalent, ẹni tí ọkàn rẹ̀ pín sí méjì, tó ń fẹ́ tó sì ń kọ̀. Ọ̀rọ̀ tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ tó ní ju ìtumọ̀ kan lọ ni ambiguous.

Nílé, Yorùbá la fi ń jíròrò ìwé náà kó tó jókòó kọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun máa ń rí ohun púpọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

BàbáOníwèé, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ má bínú o, èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńláńlá ń ba Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ wa jẹ́. Ẹ rántí Lakunle, tísà inú The Lion and the Jewel, eré tí Wole Soyinka kọ. Sidi, ọmọge tó fẹ́ fi ṣaya, ní kó san owó orí òun, ló bá ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ láti fi bú àṣà náà. Nígbà tó dákẹ́, Sidi bi í bóyá àpò ti gbẹ. Èsì rẹ̀ ni pé díṣọ́nárì kékeré lòun ṣì ní, pé òun ti kọ̀wé ra èyí tó tóbi. Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn kò mú kí Sidi fẹ́ ẹ. Baroka, baálẹ̀ abúlé wọn, ló fẹ́.

Ọmọ tó bá lè kọ "He is afraid of becoming his father" ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ kedere, tó sì tọ́ka síbi tó ti rí i, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀.

TísàFẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ, gbólóhùn yín yẹn dára púpọ̀. Èmi náà á fún un ní máàkì.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo Lakunle yẹn dáadáa. Tí ọmọ bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀, ọ̀rọ̀ wo ni yóò lò? Pompous ni ẹni tó ń gbéra ga pẹ̀lú ìmọ̀ tó rò pé òun ní. Pedantic ni ẹni tó fẹ́ fi òfin inú ìwé ṣe ohun gbogbo, kódà ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Bombastic ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá a mu, ibi tí wọ́n ti bá a mu kò sì jọra. Sidi tó rí àwòrán ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tó wá ń fi ṣe fọ́ńté jẹ́ vain. Sadiku, ìyálé ilé Baroka, tó gba irọ́ tí Baroka pa fún un gbọ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó ayọ̀ ìṣẹ́gun, jẹ́ gullible. Láìsí gullible, ọmọ á máa kọ "a woman who believes whatever she is told" nígbà mẹ́rin nínú àròkọ kan. Ọ̀rọ̀ tó ṣe rẹ́gí ń dín ọ̀rọ̀ kù, ibẹ̀ ni mo ti ń fẹ́ ẹ.

Baroka fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ni jù. Shrewd, wily, cunning. Ọlọ́gbọ́n, ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́, alárékérekè. Tí ọmọ bá kọ shrewd, ó ti gbè sẹ́yìn Baroka. Tó bá kọ cunning, ó ti dá a lẹ́bi. Kó tó yan ọ̀kan, kó mọ ibi tí òun dúró sí, ìyẹn gan-an sì ni èrò tí tísà ń wá nínú àròkọ.

Ìyá wa, ẹ jẹ́ kó dá ìwé kan yà sọ́tọ̀, kó má kọ ọ́ ní A sí Z. Orí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kó kọ ìwà kan sí i ní Yorùbá. Bí àpẹẹrẹ, agídí. Lábẹ́ rẹ̀, lápá kan, kó kọ àwọn tó ń bú ni: stubborn, obstinate. Lápá kejì, àwọn tó ń yin ni: resolute, steadfast, tenacious. Ojú ewé mìíràn, ahun: stingy àti miserly lápá kan, frugal àti thrifty lápá kejì. Níwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹ̀dá ìtàn kan tó bá a mu àti orí ìwé tí ẹ̀rí wà. Ọ̀rọ̀ tí kò bá rí ẹ̀dá ìtàn fún, kó má tíì kọ ọ́.

Atúmọ̀Èdè, Èkó

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ díṣọ́nárì kún un. Kó lo èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bí Oxford Advanced Learner's Dictionary. A. S. Hornby tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ Japan ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí nìyẹn tó fi mọ ohun tó ń rú ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ lójú. Ó máa ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ kan ní ìbáwí nínú, á kọ "disapproving" síwájú rẹ̀. Àmì kékeré yẹn ni kó máa wá kó tó wo ìtumọ̀. COBUILD náà dára, tí Collins kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1987, torí odidi gbólóhùn ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Èèyàn á rí irú ọ̀rọ̀ tó ń bá a rìn.

Èyí tí mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kó fi sílẹ̀ ná ni thesaurus, ìwé tó ń to àwọn ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn súnmọ́ra pọ̀. Peter Mark Roget gbé tirẹ̀ jáde ní 1852 fún ẹni tó ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ tó kàn fẹ́ rántí rẹ̀. Ọmọ tó mú ọ̀rọ̀ níbẹ̀ láìmọ̀ ọ́n dà bí ẹni tó yá aṣọ wọ lọ sóde, gbogbo ẹni tó bá wò ó ló máa mọ̀ pé kò bá a lára mu. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pe akọni ní notorious, ìyẹn ẹni tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìwà burúkú, torí pé thesaurus gbé e sí ẹ̀gbẹ́ famous.

AráKétu, Bẹ̀nẹ̀

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin èèyàn wa. Faransé la fi kọ́wèé níhìn-ín, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ èdè kẹta fún mi. Ọ̀rọ̀ bí laconic, ironic, melancholy rọrùn fún mi torí mo ti mọ ìbátan wọn ní Faransé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọmọ nílé ìwé Faransé, kó kìlọ̀ fún un lórí méjì: sensible ní Faransé ni ẹni tí nǹkan ń tètè dùn, sensitive ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Sensible ti Gẹ̀ẹ́sì ni olóye. Pathétique ní Faransé lè jẹ́ ohun tó ń mú omi bọ́ lójú. Tí ẹ bá pe ẹ̀dá ìtàn ní pathetic ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè ti tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ láìmọ̀.

Mo tún fẹ́ sọ pé àwọn ohùn tí ẹ ń dárúkọ yìí wà nínú ewì tiwa. Ní Kétu níbí, Ẹ̀fẹ̀ tó ń jáde lóru ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń fi orin tú àṣírí oníwà burúkú, gbogbo ìlú á rẹ́rìn-ín, onítọ̀hún náà á sì gbọ́. Satirical nìyẹn: ó ń fi ẹ̀rín tún ìlú ṣe. Ìrèmọ̀jé tí àwọn ọdẹ ń sun fún ọdẹ tó kú jẹ́ elegiac. Ẹkún ìyàwó ń dunni ó sì ń dùn mọ́ni lẹ́ẹ̀kan náà, bittersweet ni. Oríkì jẹ́ laudatory. Tí ọmọ bá ti gbọ́ wọn rí, ẹ fi wọ́n kọ́ ọ, kò ní gbàgbé.

ÌyáSS2, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run á san án fún yín. A ti dá ìwé náà sílẹ̀, agídí nìkan ti gba ojú ewé méjì. Ohun tó kọ lálẹ́ àná nìyí:

"Okonkwo is irascible: when words fail him, he uses his fists. Yet his anger often hides insecurity. He strikes down Ikemefuna, a boy who calls him father, because he dreads being thought weak. Achebe reports the blow in terse sentences, and this detached tone makes the scene more chilling. At the end the tone becomes sarcastic, when the District Commissioner thinks about his book."

Ó ní kí n bi yín bóyá sarcastic tọ̀nà. Ó tún ti ń dá ka Death and the King's Horseman, ó sì ní cowardly lòun fẹ́ kọ fún Elesin.

Akẹ́kọ̀ọ́Gẹ̀ẹ́sì, Ifẹ̀

Inú mi dùn gan-an, mà! Ẹ bá mi kí àbúrò. Ẹ wo gbólóhùn tó kọ lórí Ikemefuna: ìwà, ibi tó ti rí i, ìdí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Kó kàn wo "often" yẹn. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ló mú wá. Yálà kó fi èkejì kún un, bí ìfòyà Okonkwo pé Nwoye ọmọ rẹ̀ lè jọ Unoka, tàbí kó yọ often.

Sarcastic kò bá ibẹ̀ mu. Sarcastic ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gún tí ènìyàn sọ sí ẹnìkan láti fi gún un. Achebe kò sọ ohunkóhun sí Kọmíṣánnà náà, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wọn. Ó kàn jẹ́ ká gbọ́ ohun tó ń rò: pé ìtàn ọkùnrin tó so yìí lè gba orí kan nínú ìwé òun, tàbí bí kò bá gba odidi orí, ìpínrọ̀ kan tó ṣe é kà. Bẹ́ẹ̀ odidi ìwé la ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán lórí ọkùnrin kan náà. Àlàfo tó wà láàárín ohun tí a mọ̀ àti ohun tí Kọmíṣánnà rò pé òun mọ̀, ironic ló ń jẹ́. Kọmíṣánnà fúnra rẹ̀ jẹ́ condescending, ó ń wo ènìyàn láti òkè wá sílẹ̀. Tó bá fẹ́ sọ ti bí Achebe ṣe kọ ọ́, understated: ó rọra sọ̀rọ̀, kò pariwo, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dunni tó bẹ́ẹ̀.

TísàFẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta

Ní ti Elesin, ẹni tí àṣà ní kó kú tẹ̀lé ọba tó wàjà, kó dúró ná lórí cowardly. Ní ìran kìíní, Elesin ló ń sọ ìtàn ẹyẹ Not-I, tó ń fi gbogbo ẹni tó sá fún ikú ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù kò bà á níbẹ̀. Ohun tí a rí ní ọjà lọ́jọ́ náà ni pé ó rí ọmọge, ó sì fẹ́ ẹ kó tó lọ, Ìyálọ́jà sì kìlọ̀ fún un. Àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gbé yẹ̀ wò ni self-indulgent, ẹni tí kì í lè fi nǹkan du ara rẹ̀, àti irresolute, ẹni tí kò lè dúró lórí ìpinnu nígbà tó bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Kó ka ìran karùn-ún tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti tì í mọ́lé, kó máa ka ẹni tí Elesin di ẹ̀bi rù: òyìnbó, ìyàwó tuntun, àwọn òrìṣà, ara rẹ̀. Bóyá evasive á wọlé níbẹ̀, bóyá kò ní wọlé, torí ó wà níbẹ̀ náà tó ti jẹ́wọ́ pé ayé ṣì wu òun. Kí ó mú ọ̀kan, kí ó fi gbólóhùn méjì gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ bá wa gbé e síbí, màá kà á.